Ẹ Bi Wá: Ìdágbére fún Olólùfẹ́ Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní oṣù méjì tí èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi ti pínyà. A ò jà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìdágbére ránṣẹ́ sí i, kí n dúpẹ́, kí n sì ṣàdúrà fún un, àmọ́ gbogbo èyí tí mo bá kọ ló ń jọ ti ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Ẹrù rẹ̀ díẹ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ìdáhùn: Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà, ó jọ pé ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. "Ṣé ara rẹ yá?" "Ṣé o máa ń rántí mi?" Ìbéèrè ń fẹ́ èsì, ẹni tó bá sì ń retí èsì ò tíì dágbére. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò.

Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ohun kan pàtó ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ fún, ẹ má kàn sọ pé "fún gbogbo oore": "O ṣé tí o dúró tì mí nígbà tí ara màmá mi ò yá." Bí ẹ bá jẹ̀bi níbì kan, ẹ tọrọ àforíjì, kẹ́ ẹ má sì fi "àmọ́" tì í lẹ́yìn, torí "àmọ́" yẹn ló ń sọ ẹ̀bẹ̀ di àwíjàre. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ó ti parí, kẹ́ ẹ wá ṣàdúrà. Bí ẹ ò bá tíì lè fi tọkàntọkàn sọ pé kó rí aya rere fẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. "Ọ̀nà rẹ á là" náà dùn. "Bóyá lọ́jọ́ kan" ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹ má fi ránṣẹ́ lóru tàbí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ kọ ọ́, ẹ tún un kà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí kò bá fèsì, ẹ má bi í bóyá ó rí i.

Ní ti ẹrù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹni tó dá aṣọ padà lónìí, tó ní ìwé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kàn ń wá ìdí láti rí i ni. Àwọn ohun tó fi ta yín lọ́rẹ ò sí lára ẹrù rẹ̀ o, bí ẹ bá dá a padà, ìwọ̀sí ló máa kà á sí. Bí owó bá wà láàárín yín, ẹ jẹ́ kó ní ìwé tirẹ̀. Gbèsè àti àdúrà kì í gbé inú lẹ́tà kan.

Ìbéèrè: Ẹni tí mo fi sílẹ̀ ní ká ṣì máa ṣọ̀rẹ́. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Kì í ṣe nísinsìnyí. Ẹ sọ fún un pé ẹ nílò oṣù mélòó kan láìsọ̀rọ̀. Lórí WhatsApp, ẹ lè fi status rẹ̀ sí "mute" kó má bàa máa yọ sí yín, láìdí i lọ́nà ("block"). Kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé ó ti ní ẹlòmíì tí àyà yín ò já, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣeé sọ.

Ṣùgbọ́n bó bá ti lù yín rí, tàbí tó ń halẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ má sì dá nìkan lọ pàdé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá yín kó ẹrù náà lọ.