Èsì: Iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní iṣẹ́ káfíńtà yín ń lọ déédéé, iye táwọn tó kù ń gbà lẹ̀yin náà ń gbà, síbẹ̀ tí oṣù bá parí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́. Iye táwọn ẹlòmíì ń gbà kò sọ bóyá àwọn náà ń jèrè.

Wákàtí tẹ́ ẹ fi gbá ìṣó nìkan lẹ̀ ń kà. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ wọn ilẹ̀kùn ńkọ́? Ìgbà tẹ́ ẹ lọ ra pákó, tẹ́ ẹ pọ́n ayùn, tẹ́ ẹ jókòó ṣírò iye fún ẹni tí kò padà pè yín mọ́? Nínú ọ̀sẹ̀ oníwákàtí 40, ó lè má ju 25 lọ tí oníbàárà máa sanwó fún. Ẹ ro gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò lọ́dún pọ̀: àtijẹ àtimu, owó ṣọ́ọ̀bù, irinṣẹ́ tó ń gbó, owó orí, ọjọ́ àìsàn. Ẹ wá fi iye wákàtí tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dún pín in. Ẹ̀rù lè bà yín tẹ́ ẹ bá rí i, àmọ́ iye tí wákàtí kan gbọ́dọ̀ mú wọlé nìyẹn. Owó pákó kò tíì sí níbẹ̀ o.

Èrè tún yàtọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ná yín ní 100, tẹ́ ẹ fi 20 lé e, ìdá kan nínú mẹ́fà owó tẹ́ ẹ gbà lèrè yín, kì í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún. 25 lẹ máa fi lé e kó tó tó bẹ́ẹ̀.

Tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ dín owó kù, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dín: pákó tówó ẹ̀ rọjú, tàbí kó kùn ún fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan owó iṣẹ́ yín.