Èsì: Eiffel kì í ṣe stíìlì

Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè bóyá olùkọ́ ọmọ yín ní Kubwa ṣìnà bó ṣe fagi lé Eiffel, ilé gogoro ìlú Paris, nínú iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àwọn ohun tí wọ́n fi stíìlì kọ́. Kò ṣìnà. Stíìlì ni irin tí kábọ́ọ̀nù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kábọ́ọ̀nù nínú ni wọ́n fi kọ́ Eiffel, tí wọ́n parí ní 1889. Bí ìbéèrè bá gba irin èyíkéyìí, Eiffel tọ́; bó bá jẹ́ stíìlì pàtó, ẹ yọ ọ́.

Ẹ fi afárá Forth ní Scotland (1890) rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni afárá Makurdi lórí odò Benue, tí wọ́n ṣí ní 1932. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, ẹ ní kí ọmọ wo egungun rẹ̀ dáadáa: àwọn ọ̀pá stíìlì tí wọ́n dè mọ́ra ní onígun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kó yẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin bá gùn ún. Kó yàwòrán ẹ̀ sínú ìwé.