Ìtọ̀ Tí Kò Ṣeé Mú Dúró: Ìtọ́jú Wà Fún Un

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Ẹni ọdún 58 ni mí, èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Kàbà. Bí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n mí, èmi kì í lè dé ilé ìtọ̀ kí ó tó dà sí mi lára. Bí mo bá fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, n kì í fẹnu kan omi láti àárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní àgbà ló dé. Ṣé ìtọ́jú wà? — Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ọjọ́ orí lè dá kún un, ṣùgbọ́n àìsàn ni, ìtọ́jú sì wà. Ohun tí ó dùn mí jù ni omi tí ẹ ń fi du ara yín, nítorí bí omi ara bá kéré, ìtọ̀ a ki, a máa ta àpò ìtọ̀, a sì tún máa gbọ̀n yín léraléra. Ẹ máa mumi bó ti yẹ lọ́sàn-án, kí ẹ dín in kù lálẹ́. Ẹ dín obì àti tíì kù pẹ̀lú, nítorí káfíìnì inú wọn máa ń mú kí ìtọ̀ gbọ̀n ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò ní ọsibítù, bóyá ìtọ̀ ṣúgà tàbí kòkòrò àrùn ló fà á. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an ni láti mú ènìyàn tọ̀.

Bí kò bá sí ìwọ̀nyí, ọwọ́ yín ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sí i kí ẹ tó lọ, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ máa fún iṣan tí a fi ń mú ìtọ̀ àti ìsó dúró pọ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀, ní ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3. Ẹ lè ṣe é níbi tí ẹ jókòó sí nídìí ọjà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáwọ́ dúró kí iṣan náà tó lágbára, wọn a sì ní kò ṣiṣẹ́.

Bí èyí kò bá tó, dókítà lè fún yín ní oògùn tó ń dẹ iṣan àpò ìtọ̀, bíi oxybutynin tàbí tolterodine. Wọ́n máa ń gbẹ ẹnu, wọ́n máa ń fa àìrígbẹ́yà, wọ́n sì lè da ọpọlọ àgbàlagbà rú, nítorí náà ẹ má ṣe dá wọn rà. Abẹ́rẹ́ Botox tí a ń gún sínú àpò ìtọ̀ kí iṣan rẹ̀ lè dẹ̀ tún wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà àpò ìtọ̀ ní ọsibítù ńlá. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó oṣù 6 kí a tó tún un gún.

Ti ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ kìkì bó bá wúkọ́ tàbí tó gbẹ́rù yàtọ̀: eré ìdárayá iṣan yìí tàbí iṣẹ́ abẹ ni tirẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ obìnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dáwọ́ jíjò dúró láti ìgbà tí ó ti rọbí tó nira, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, torí ihò tí ìrọbí náà dá sí àárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara ni ìtọ̀ náà ń gbà, iṣẹ́ abẹ ni a sì fi ń dí i.