Mo Fi Ìlà Kan Kún Àtẹ, Kọ̀ǹpútà Kò Dìde Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí a fi system call tiwa, ìyẹn iṣẹ́ tí ètò (program) lè bẹ kernel (ọkàn Linux) ṣe, kún Linux. Mo ṣí fáìlì syscall_64.tbl, ìyẹn àtẹ tí nọ́ńbà wọn wà, mo fi tèmi sí nọ́ńbà 1 kí ó lè wà lókè, mo sì sún gbogbo èyí tó kù sísàlẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí wàhálà nígbà tí mo kọ́ńpáìlì kernel, àfi ìgbà tí mo tan kọ̀ǹpútà tí “Kernel panic” yọ sí mi. Kí ni mo ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má bínú, ẹ̀rín pa mí. Ohun tí o ṣe yìí dà bí ìgbà tí wọ́n gba láìnì gbogbo ará Ìlọrin, tí wọ́n fún oníkálukú ní ti aládùúgbò rẹ̀. O pe ìyá rẹ, ẹlẹ́ran Ìpàta ló gbé e.

Ètò kì í fi orúkọ bẹ kernel níṣẹ́. Nọ́ńbà ló máa ń fi sínú RAX, àpò kékeré kan nínú CPU, kernel á wo ibi tí nọ́ńbà náà wà lórí àtẹ, á sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lórí x86-64 (irú CPU Intel àti AMD), 0 ni read, 1 ni write, 9 ni mmap, èyí tí ètò fi ń tọrọ ààyè memory. Àwọn nọ́ńbà yìí ti wà nínú gbogbo ètò orí díìsìkì rẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ńpáìlì wọn. Ìwọ sún àtẹ, ta ló sọ fún wọn? Init, ètò àkọ́kọ́ tí kernel máa ń tan, fẹ́ mmap, ó pe 9, lseek (tó ń sún ibi tí a wà nínú fáìlì) ló bá níbẹ̀, nítorí ìwọ lo sún un kúrò ní 8. Init kú. Bí init bá sì ti kú, kernel ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ìyẹn ni “Kernel panic” tí o rí.

Òpin àtẹ ni kí o lọ. Ìlà tìrẹ á rí báyìí:

548 common ekaaro sys_ekaaro

Má fọwọ́ kan 512 sí 547, x32, ìlànà mìíràn fún ètò lórí CPU yìí kan náà, ló ni wọ́n. Fi SYSCALL_DEFINE0(ekaaro) kọ iṣẹ́ náà gan-an sínú fáìlì .c, kí o fi .o rẹ̀ kún Makefile (fáìlì tó ń sọ ohun tí wọ́n máa kọ́ńpáìlì), kí o sì kéde rẹ̀ nínú syscalls.h. Má fi __x64_ síwájú orúkọ náà lórí àtẹ. Kernel á fi í sí i fúnra rẹ̀. Bí o bá ti tan kernel tuntun náà, syscall(548) ni wàá fi pè é.

Nígbà tí mo ṣe tèmi ní Tankẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná lọ kí ó tó kọ́ńpáìlì tán. Mo pe nọ́ńbà mi, “Function not implemented” ló dá mi lóhùn. Títí òru ni mo fi ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Àṣé kernel àtijọ́ ni mo tàn! Nọ́ńbà tí kò ní iṣẹ́ kankan lórí àtẹ, ENOSYS, ìyẹn àṣìṣe 38, ni kernel máa fi dá a lóhùn. Tẹ uname -r, tó máa sọ kernel tí ò ń lò, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ.

Ìkìlọ̀ kékeré: orí x86-64 nìkan ni nọ́ńbà wọ̀nyí wà. Lórí ARM64, irú CPU tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, 64 ni write.

Ní báyìí, tan kọ̀ǹpútà rẹ, di Shift tàbí Esc mú kí GRUB (ibi tí a ti ń yan kernel) lè yọ, wọ Advanced options, kí o yan kernel àtijọ́. Iṣẹ́ rẹ ò sọnù. Inú QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ni kí o ti dán èyí tó kàn wò.