Fẹ́rì, Alùpùpù àti Eré TT ní Isle of Man: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gun alùpùpù wa lọ wo eré TT, ìdíje alùpùpù tí wọ́n ń ṣe ní Isle of Man, lọ́dún tó ń bọ̀. Níbo ni ká ti wọ fẹ́rì, ìgbà wo ló sì yẹ ká ra tíkẹ́ẹ̀tì? — Òǹkàwé, Manchester*

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́rì kẹ́ ẹ tó wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódì-lódì: wọ́n á ti sanwó yàrá tán, wọn ò sì ní rí àyè alùpùpù mọ́ nínú ọkọ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni TT máa ń bọ́ sí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àyè sì máa ń tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

Ilé iṣẹ́ Isle of Man Steam Packet, tó ti wà láti 1830, ló ń gbé èrò lọ sí Douglas, olú-ìlú erékùṣù náà. Láti Manchester, ọ̀nà méjì ló yá. Ọkọ̀ Manxman ń gbéra ní Heysham, ó ń lo bíi wákàtí mẹ́ta àtìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Manannan ń gbéra ní Liverpool, ó ń fi nǹkan bíi wákàtí kan yá jù ú lọ. Ẹ má tìtorí wákàtí kan yẹn sáré o. Ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń sáré ni Manannan, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá dúró tí ìgbì bá ga. Heysham ni àwa máa yàn.

Tí àyè alùpùpù bá ti tán, ẹ fẹsẹ̀ wọkọ̀, ẹ̀yin náà á gbádùn ẹ̀. Bọ́ọ̀sì wà, rélùwéè oníná sì ń ti Douglas lọ sí Laxey àti Ramsey. Ní Laxey, ọkọ̀ ojú irin mìíràn ń gun òkè Snaefell, ó ń dúró ní Bungalow, ẹ̀bá ọ̀nà eré gan-an.

*Ẹ jọ̀wọ́, mo gbọ́ pé alùpùpù máa ń ṣubú nínú fẹ́rì. Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó? — Òǹkàwé, Peckham*

Ó máa ń ṣubú lóòótọ́, pàápàá èyí tí wọ́n bá gbé lé sítáńdì àárín. Bí ọkọ̀ bá ti ń fì, alùpùpù á yọ̀ kúrò lórí sítáńdì yẹn. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi í sí jíà kìíní kó má bàa yí, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà fa bíréèkì ọwọ́ mọ́ ọwọ́ alùpùpù pinpin. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló máa ń so ó, tàbí kí wọ́n fún yín ní okùn. Okùn gbọ́dọ̀ gba orí àga kọjá, kó sì fa alùpùpù wálẹ̀ síhà ibi tí sítáńdì wà, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ okùn náà. Ẹ má jẹ́ kó gba orí ike ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó máa sán ni.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, irin lẹ máa gùn wọlé, irin náà sì máa ń tutù, epo á sì wà lára rẹ̀. Jíà kìíní, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni iwájú gòkè tán kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ má bàa dúró sáàárín. Bíréèkì ẹ̀yìn lẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ti iwájú lójijì lórí irin tútù, táyà iwájú á yọ̀ lábẹ́ yín.

Àláàmù tó ń ké tí alùpùpù bá mì, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, á máa ké lórí omi títí bátìrì á fi kú, àwọn tó wà lẹ́yìn yín ò sì ní ríbi kọjá ní Douglas. Ẹ má rọ epo kún táǹkì dẹ́nu, torí ó máa ń wú, á sì máa jò bí alùpùpù ṣe fara tì. Kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ fi sílé. Wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà síbi tí alùpùpù yín wà títí ẹ fi máa dé: ẹ mú oògùn, owó àti jákẹ́ẹ̀tì yín lọ sókè.

*Ọmọ mi ní London fẹ́ mú mi lọ. Mo ní físà UK. Ṣé mo nílò òmíràn? Òòyì omi sì máa ń kọ́ mi. — Bàbá kan, Ìbàdàn*

Rárá, Bàbá. Isle of Man kì í ṣe ara UK, àmọ́ àgbègbè ìrìnnà kan náà ni òun àti UK jọ wà, físà yín sì tó tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọ UK. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání ṣá.

Ní ti òòyì, oògùn cinnarizine ni kẹ́ ẹ lò ní wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn, torí irú oògùn òòyì kan wà, hyoscine, tí kò yẹ ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma tàbí tí ìtọ̀ ń nira fún. Méjèèjì ló ń mú oorun wá, kí ọmọ yín tó máa wakọ̀ má lò ó. Ẹ jókòó sáàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, níbi tí kì í ti í fì púpọ̀.

Owó erékùṣù náà àti pọ́n-ùn UK dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní London kì í gba bébà ti ibẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò.

*Níbo ló dáa jù láti wo eré, kí ló sì yẹ ká ṣọ́? — Òǹkàwé, Leeds*

Kìlómítà 60.7 ni ọ̀nà náà yíká, títì tí ará ìlú ń gbà ni. Ní Ballaugh Bridge, táyà méjèèjì ń fò kúrò nílẹ̀. Ní Creg-ny-Baa, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń já bọ̀ láti orí òkè. Peter Hickman sá a yíká lọ́dún 2023 ní ìwọ̀n máìlì 136 ní wákàtí kan, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró sí ni kẹ́ ẹ dúró.

Bí wọ́n bá ti ti ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń gun ún sọdá. Àárín Douglas àti èbúté fẹ́rì wà lẹ́yìn òde òbìrí náà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa padà, ẹ má lọ wòran nínú òbìrí. Bí kùrukùru bá bo Snaefell, hẹlikópítà ìṣègùn ò ní lè fò, eré ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè sún un dọjọ́ kejì. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba fẹ́rì àbọ̀.

Lásìkò TT, láti Ramsey sí Douglas nìkan ni wọ́n ń gba ọ̀nà orí òkè. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òfin ò fi òté lé bí èèyàn ṣe lè sáré tó, ibẹ̀ sì ni àlejò tí ń fara wé àwọn eléré ti ń ṣèṣe. Apá òsì ni kẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ máa wo dígí ẹ̀yìn, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá.