Kátítà tó ń ya àwòrán inú iṣan ọkàn kì í fọ nǹkan kan, ẹ̀rọ àdìmú kò sì lè rọ́pò rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àyà máa ń dun bàbá mi, ẹni ọdún 61, tó bá ti gun àtẹ̀gùn. Ní ọsibítù, wọ́n fi oògùn tó ń hàn lábẹ́ ẹ́síréè yẹ iṣan ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní ọ̀kan ti ń dí, àwọn máa fi sténtì, irin kékeré bí àwọ̀n tí kì í jẹ́ kí iṣan tún há, sí i. Wọ́n wá ní ká tún sanwó kátítà kan, rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń tì wọ inú iṣan, tó ní skáànù lẹ́nu. IVUS ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní ẹ̀rọ téèyàn ń dì mú lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, á ti yẹ gbogbo iṣan ara wò láì gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ó sì ní ohun mímu tó ń fọ iṣan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kò ní dáa ká lo tiẹ̀ dípò kátítà tí wọ́n fẹ́ fi fọ iṣan bàbá?

Ìdáhùn: Kò ní dáa rárá. Kátítà yẹn pàápàá kì í fọ nǹkan kan, àwòrán ló ń yà. Báálúùnù tí wọ́n ń fẹ́ nínú iṣan àti sténtì ló ń là á. Iṣẹ́ ti IVUS ni láti fi han dókítà ibi tó yẹ kí sténtì bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kó parí sí, bó ṣe yẹ kó tóbi tó, àti bóyá ó ti fẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tó wọlé tán.

Ìbéèrè nípa ẹ̀rọ àdìmú yìí ti wá pọ̀ jù, mo sì ti rí àwọn tó tìtorí rẹ̀ pa oògùn gidi tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ lè máa béèrè pé kí ló dé tí kátítà fi ní láti wọ inú ara. Skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún ń lo ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Ìró náà á lọ, á kan ẹran ara, á padà wá, ohun tó bá padà ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Bí ìró náà bá ṣe ga sí ni àwòrán rẹ̀ ṣe ń mọ́ sí, àmọ́ bó ṣe ń ga sí náà ni kì í lè rìn jìnnà. Megahertz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó: ti oyún sábà máa ń wà láàárín 2 sí 5, ti inú iṣan ọkàn sì jẹ́ 20 sí 60. Ìró tó ga tó báyìí, mìlímítà díẹ̀ ló ń rìn kó tó kú. Iṣan ọkàn fúnra rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ó wà lẹ́yìn egungun ìhà, ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ yí i ká, kò sì dúró sójú kan rí, torí ọkàn ń lù. Kò sí ẹni tó lè dúró níta kó rí bí ògiri rẹ̀ ṣe rí pẹ̀lú irú ìró yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé skáànù lọ bá a.

Láti ọrùn ọwọ́ tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn la ti ń wọlé. Wáyà tín-ín-rín kan ló ń ṣáájú, kátítà tí kò nípọn ju bíi mìlímítà kan lọ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì á ti wọ ara aláìsàn ṣáájú, pẹ̀lú èyí tó ń mú kí iṣan dẹ̀. Oríṣi kan wà tí skáànù orí rẹ̀ ń yí bírí ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oríṣi kejì kì í yí, ohun kéékèèké 64 ló tò yí ẹnu rẹ̀ ká, tí wọ́n ń ránṣẹ́ ìró tí wọ́n sì ń gbà á padà. Èyí tó ń yí yẹn, a gbọ́dọ̀ fi síríǹjì ti omi iyọ̀ sínú rẹ̀ títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́, torí bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá dúró síwájú skáànù, ńṣe ni àwòrán máa ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà la óò máa fà á padà díẹ̀díẹ̀, ìdajì mìlímítà tàbí mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rí òbìrípo kan: kátítà láàárín, ẹ̀jẹ̀ tó ń ta wínníwínní yí i ká, lẹ́yìn rẹ̀ ògiri iṣan ní ìpele ìpele. Ibi tó bá ti le bí egungun máa ń funfun báláú, òjìji dúdú á sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mú. Kò ní ìró, kò ní ẹ́síréè, ẹnì kankan kò fi jẹ́ẹ̀lì skáànù kùn yín lára. Irin kan ni ẹ dì mú. Àmọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti béèrè orúkọ yín, ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin, bí ẹ ṣe ga tó àti bí ẹ ṣe wúwo tó. Ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó sanra díẹ̀, tí wọ́n sọ fún pé ọ̀rá wà níṣan rẹ̀, kí ló fẹ́ jiyàn sí? Ẹ dán an wò: kí ẹnì kan náà dì í mú lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, kó pe ara rẹ̀ ní ẹni ọdún 25 nígbà àkọ́kọ́, kó pe ara rẹ̀ ní ẹni 70 nígbà kejì. Kí ẹ fi ìwé méjèèjì síwájú oníẹ̀rọ, kó ṣàlàyé.

Ti ohun mímu tó ń fọ iṣan ńkọ́? Wọ́n ń jẹ́ kí ẹ rò pé iṣan jẹ́ páìpù tí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ògiri iṣan gan-an ni ọ̀rá ń kó sí, lábẹ́ awọ tó tẹ́jú sí ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1987, dókítà Seymour Glagov àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣan ọkàn àwọn tó ti kú. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rá bá ń pọ̀ nínú ògiri, iṣan á máa fẹ̀ sóde, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í há títí ọ̀rá yóò fi gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ààyè inú iṣan. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹ́síréè ń fi hàn, ìyẹn ló fi lè tan dókítà tó já fáfá pàápàá jẹ. IVUS ń rí ògiri.

Kátítà yìí náà ni wọ́n fi wọn iṣẹ́ oògùn. Nínú ìwádìí SATURN, tó jáde lọ́dún 2011, wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú méjì tó lágbára jù lára sítátìnì, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù, fún ọdún méjì gbáko. Ààyè tí ọ̀rá gbà nínú iṣan dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Ọdún méjì, ìdá kan péré! Àǹfààní sítátìnì pọ̀ ju ìyẹn lọ, torí ó ń dín ìkọlù ọkàn kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ohun mímu òun fọ iṣan mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ń parọ́ fún yín.

Ṣé ó pọn dandan fún bàbá? Mi ò rí bàbá, mi ò rí fíìmù rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló lè sọ. Iṣan tí ibi tó dí nínú rẹ̀ kúrú, tó sì rọrùn, lè má nílò rẹ̀. Àmọ́ tí ibi tó dí bá gùn, tó bá jẹ́ ibi tí iṣan ti pín sí méjì, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ iṣan ọkàn òsì, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn Yúróòpù ti ọdún 2024 ní kí wọ́n lò ó, tàbí kátítà mìíràn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán dípò ìró. Nínú ìwádìí kan ní Ṣáínà, tó jáde lọ́dún 2018, àwọn 1,448 ló gba sténtì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 2.9 nínú 100 àwọn tí wọ́n lo IVUS fún ló kú látọwọ́ ọkàn, tí iṣan yẹn fa ìkọlù ọkàn fún, tàbí tí wọ́n tún un ṣe. Ti àwọn tó jẹ́ ẹ́síréè nìkan jẹ́ 5.4. Ewu tirẹ̀ wà: iṣan lè sún kì, ó sì lè ya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ẹ bi dókítà pé kí ló fẹ́ fi í wò nínú iṣan bàbá. Ẹ béèrè bóyá tuntun ni kátítà náà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, kò yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún fi wọ ara ẹlòmíì. Tí sténtì bá ti wọlé, bàbá kò gbọ́dọ̀ dá aspirin àti oògùn kejì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra rẹ̀, pàápàá torí ìwé ẹ̀rọ kan tó ní "ó ti mọ́". Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú sténtì láàárín wákàtí mélòó kan. Bí àyà bá sì dùn ún ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tó ń làágùn tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má pè mí, ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.