Ẹ Bi Wá Léèrè: Géèmù Gígùn Tí Ẹ Kò Lè Parí

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ géèmù RPG ló gba ojú ìwé wa, ìyẹn àwọn géèmù tí èèyàn máa ń bá akọni kan rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin, tí ipele akọni náà á máa ga sí i bó ṣe ń jà. Abẹ́òkúta níbí ni gbogbo lẹ́tà tí a mú ti wá. Ohun kan wà tí a fẹ́ là yé ara wa ná. Tí a bá ní èèyàn "parí" géèmù, ohun tí à ń wí ni pé ìtàn gbòógì rẹ̀ dópin, tí orúkọ àwọn tó ṣe é ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. A ò sọ pé ó ṣí gbogbo àpótí tó wà nínú ayé géèmù náà. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ló máa ń ru ẹrù tí kò ní lè sọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbarà ni mò ń gbé, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni mo máa ń ráyè. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà lórí The Witcher 3. Mo ti lo wákàtí 60, mo ti dé erékùṣù Skellige, ṣùgbọ́n àmì ìbéèrè tí máàpù géèmù náà fi sí orí òkun ibẹ̀ ni mò ń lé kiri, ó sì ti sú mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ọ̀pọ̀ àmì ìbéèrè tó wà lórí òkun Skellige, ẹrù àwọn fàyàwọ́ ni: àgbá àti àpótí tó léfòó tàbí tó ti rì, tí àwọn siren, ẹ̀dá abìyẹ́ inú òkun, á sì máa fò bọ̀ wá bá yín níbẹ̀. Owó àti nǹkan títà ló wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ti ìtàn Geralt, akọni géèmù náà, síwájú.

Ìtàn gbòógì géèmù yìí kò ju nǹkan bíi wákàtí 50 lọ. Ẹ̀yin ti lo 60, ẹ sì ṣì wà ní Skellige. Ẹ rí i pé gígùn ìtàn kọ́ ló dá yín dúró. Iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló gba àkókò tó yẹ kí ẹ fi parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ tó rìn ẹsẹ̀ kan, ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ tó wà nínú géèmù náà. Abala Main Quests ni kí ẹ lọ. Ẹ yan iṣẹ́ kan níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí géèmù máa tọ́ka ọ̀nà rẹ̀ fún yín. Ẹ wo ipele tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi wé tiyín. Tí tiyín bá bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ, ẹ lọ, ẹ ò nílò ohunkóhun mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí àwọn bá pa ìkookò àti òkú-ọ̀run káàkiri igbó ni ipele àwọn máa ga. Nínú Witcher 3, iṣẹ́ tí ẹ bá parí ló ń gbé ipele ga, ti ìtàn gbòógì ló sì ń gbé e jù. Ẹran igbó kò mú nǹkan gidi wá. Bákan náà, iṣẹ́ tí ipele rẹ̀ bá ti fi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí tiyín, èrè rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ gan-an. Gbogbo iṣẹ́ ipele 7 àti 8 tí ẹ fi sílẹ̀ ní agbègbè Velen ti di iṣẹ́ òfo báyìí tó bá jẹ́ torí ipele lẹ ṣe fẹ́ ṣe wọ́n.

Àwọn iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan wà tí a ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fò. Iṣẹ́ tí orúkọ ọ̀rẹ́ Geralt bá wà nínú rẹ̀ ni: àwọn tí ẹ bá ràn lọ́wọ́ lè wá dúró tì í nígbà tí ogun bá dé odi Kaer Morhen. Ẹ ṣe ìyẹn ṣáájú kí ẹ tó wọ erékùṣù Isle of Mists. Géèmù náà fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ fún yín níbẹ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan máa ti ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá rí ìkìlọ̀ yẹn, ẹ ṣe séèfù ọ̀tọ̀ kan, kí ẹ má sì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Fún ìyókù, ìwọ̀n tí a fọwọ́ sí ni iṣẹ́ gbòógì méjì sí iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ìjà bá ń gba àkókò yín, ẹ dín agbára ọ̀tá kù nínú Options. Ẹ lè yí i padà nígbàkúùgbà, ìtàn kò sì ní yàtọ̀ nítorí ìyẹn. Èèyàn tó ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi alẹ́ Sátidé kan odindi ja ìjà ẹyọ kan.

Bí ẹ ṣe ń dúró ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ọjọ́ márùn-ún máa ń wà láàárín eré rẹ̀. Ẹ má dúró sí inú ihò, ẹ má sì dúró lẹ́yìn tí ẹ bá parí iṣẹ́ kan tí ẹ ò tíì yan òmíràn. Ẹ dé ìlú, ẹ yan èyí tó kàn, ẹ wá kọ ìlà méjì sórí fóònù yín. Bí àpẹẹrẹ: "Sọ́ńdè. Mo wà ní Kaer Trolde, ọ̀dọ̀ Yennefer ló kàn. Oògùn Swallow ti tán, kí n ra ọtí líle kí n tó ṣe àṣàrò." Ẹ rántí pé ọtí líle kan péré ni àṣàrò máa ń lò láti fi kún gbogbo oògùn tó ti tán. Lọ́jọ́ Sátidé, ìlà méjì yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ogún ìṣẹ́jú tí ẹ ò bá fi máa wá ibi tí ẹ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ni mí. Oṣù September inú géèmù ni mo dé nínú Persona 5 Royal kí ìdánwò tó dé. Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò ti fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo ṣí i lánàá, mi ò rántí bọ́tìnnì kankan, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ṣé kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀?

Rárá o. Géèmù tó ń gba nǹkan bíi wákàtí 100 ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì falẹ̀: ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n máa fi kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ á tún dé ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, yóò sì ti lo gbogbo ìtara rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún pípadà nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ìtàn nínú wákàtí yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe séèfù sí àyè tuntun, kí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ má bàjẹ́. Ẹ gbé ìnira géèmù (difficulty) sí Easy. Ẹ wá wọ Mementos, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀tá wà, ẹ dúró sí òkè níbi tí ọ̀tá ò ti lágbára, kí ẹ ja ìjà bíi mẹ́wàá. Ohun mẹ́ta péré ni ọwọ́ yín ní láti rántí: ẹ wá ohun tí ọ̀tá kò lè gbà sára, ẹ fi ìyẹn gbé e ṣubú, ẹ fi Baton Pass gbé ìkọlù tó kàn fún ẹlòmíràn títí gbogbo wọn á fi wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo yín á jọ rọ́ lù wọ́n. Tí ìjà kẹwàá bá tán, ẹ gbé ìnira padà sí ibi tó wà, ẹ jáde, ẹ tún ṣe séèfù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú ìwé àwọn Confidant, ìyẹn àwọn èèyàn tí akọni yín ń bá dọ́rẹ̀ẹ́, tí ìdọ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ipele tirẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mélòó ni ti ẹni tó ń lé ogún? Ẹ mú mẹ́ta. Méjì nínú wọn, a ó mú un fún yín: Maruki gbọ́dọ̀ dé ipele 9, ó pẹ́ tán ọjọ́ 18 oṣù November inú géèmù, Akechi gbọ́dọ̀ dé ipele 8, ó pẹ́ tán ọjọ́ 24 oṣù náà. Bí ti Maruki bá bọ́ lọ́wọ́ yín, sáà kẹta tí wọ́n fi kún Royal kò ní ṣí, géèmù á sì parí láìfi hàn yín. September lẹ wà, àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni Maruki máa ń wà ní yàrá ìtọ́jú ilé ìwé. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ẹni kẹta, kó jẹ́ Dókítà Takemi tí ẹ ò bá tíì sún mọ́ ọn dáadáa. SP Adhesive tó ń tà máa ń dá agbára idán padà díẹ̀díẹ̀ bí ìjà ṣe ń lọ, ẹ ó sì lè já Palace kan, ìyẹn ibùdó ọ̀tá tí géèmù fún ní gbèdéke ọjọ́, tán láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ṣẹ́ kù kí gbèdéke tó pé ti di tiyín.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìtòkú ni mo ti ń ta aṣọ. Bí mo bá rán ọmọ mi níṣẹ́, á ní òun ò tíì dé ibi tí òun ti lè "save", pé bí òun bá dìde, iṣẹ́ òun gbé. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi ọgbọ́n gbé mi ni?

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Orúkọ géèmù tó ń gbá ló máa dáhùn. Nínú Witcher 3 tí a sọ lókè, kò sí ibi tí kò ti lè ṣe séèfù, àfi bó bá ń jà lọ́wọ́ tàbí tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Ìjà yẹn kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Palace ti Persona 5, inú yàrá kan pàtó ni séèfù wà, ó sì lè tó ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó kan òmíràn. Níbẹ̀, òótọ́ ló ń sọ, bó bá sì pa á, gbogbo ìjà tó jà láàárín yàrá méjì ló gbé.

Bó bá jẹ́ PS4 ló ń lò, ọ̀nà mìíràn wà. Kó tẹ bọ́tìnnì PS tó wà láàárín pádì mọ́lẹ̀, kó lọ sí Power, kó yan Enter Rest Mode. Iná ara ẹ̀rọ á di ọsàn, géèmù á dúró síbi tó wà gan-an títí á fi padà láti ibi tí ẹ rán an. Ohun kan ló ń ba èyí jẹ́: bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn, ohun tí kò tíì ṣe séèfù rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa rán an ní agogo mẹ́rin, ẹ sọ fún un ní mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun náà kò ní ní àwíjàre mọ́.

Láti Lafẹnwá: iná lọ nígbà tí àmì séèfù ń yí lórí PS4 mi. Nígbà tó dé, wọ́n ní fáìlì náà ti bàjẹ́. Wákàtí 40 ló bá a lọ. Ṣé mo lè rí i gbà padà?

Ó dùn wá gan-an. Fáìlì tí ẹ̀rọ ń kọ lọ́wọ́ tí iná fi lọ á kù sí ìlàjì, ẹ̀rọ ò sì ní lè kà á mọ́. Ẹ wò ó bóyá séèfù àtijọ́ kan ṣì wà nínú àkójọ géèmù náà. Bí kò bá sí, a ò lè tàn yín, ó ti lọ. Bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ti ń falẹ̀ tàbí tí kò rí àwọn géèmù tó wà nínú rẹ̀, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 7 títí á fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi wáyà so pádì mọ́ ọn, ẹ yan nọ́ńbà 5, Rebuild Database. Kì í pa géèmù rẹ́. Nọ́ńbà 6 àti 7 ló ń pa gbogbo nǹkan rẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n.

Láti ìsinsìnyí lọ, àyè séèfù mẹ́ta ni kí ẹ máa lò ní àyíká: òní sí àkọ́kọ́, ọ̀la sí ìkejì, ọ̀túnla sí ìkẹta. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ̀yìn ọjọ́ kan péré lẹ padà sí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ lọ sí Settings, Application Saved Data Management, Saved Data in System Storage, kí ẹ wá yan Copy to USB Storage Device. Àkántì tí ẹ fi gbá géèmù náà nìkan ló lè ṣí i, torí náà ẹ má fi àkántì ọ̀rẹ́ gbá géèmù gígùn.

Tí ẹ bá ń rò ó láti ra inverter, ìṣirò rẹ̀ rèé. PS4 Slim àti tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 á jọ jẹ nǹkan bíi wáàtì 150. Bátìrì 12V, 100Ah kan jẹ́ 1,200 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ju ìlàjì bátìrì olómi lọ, ó ku 600. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ máa rí, bí bátìrì náà bá ṣì tuntun.

Fóònù ni mo fi ń gbá géèmù PSP, lórí PPSSPP, áàpù tó ń mú géèmù ẹ̀rọ PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Mo pààrọ̀ fóònù, séèfù mi kò ṣí mọ́. Kí ló fà á?

Save state lẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Àwòrán ẹ̀rọ náà bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn ni, ẹ̀yà PPSSPP mìíràn sì lè kọ̀ láti ṣí i. Séèfù tí ẹ bá ṣe nínú géèmù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa gbé kiri. Inú PSP/SAVEDATA ló wà. Ẹ da àpò náà odindi sórí fóònù tuntun.

Wákàtí márùn-ún ni mo ní lọ́sẹ̀. Aṣẹ́rò ni mo wà, mi ò tíì parí RPG kan rí láyé mi. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi wákàtí márùn-ún pín gígùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Persona 5 Royal á gbà yín tó ọ̀sẹ̀ 20, ìtàn Witcher 3 á gba 10. Chrono Trigger, tó jáde ní 1995, kò ju nǹkan bíi wákàtí 20 sí 25 lọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì wà lórí fóònù. Òun ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ pé Final Fantasy lọkàn yín fẹ́, ẹ wá Final Fantasy XII: The Zodiac Age: bọ́tìnnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú gbogbo nǹkan yára ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin. Ẹ lo ìlọ́po mẹ́rin tí ẹ bá ń rìn la aṣálẹ̀ kọjá, kí ẹ pa á bí ẹ bá ti rí ilẹ̀kùn ọ̀gá ọ̀tá, torí bó ṣe ń mú ẹsẹ̀ yín yá náà ló ń mú ọwọ́ tirẹ̀ yá.